Bárékè Tó Bọ́ Orúkọ Ọ̀gágun Sílẹ̀

Ìlú Bad Reichenhall wà ní gúúsù Jámánì, níbi tí ilẹ̀ Bavaria ti bá Ọ́síríà pààlà. Iyọ̀ ló sọ ìlú náà di olókìkí láyé àtijọ́. Òkè kan tó ń jẹ́ Hochstaufen, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1,771 mítà, dúró gàgàrà lókè ìlú. Bárékè àwọn sójà orí òkè tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ òkè náà lónìí. Ẹni tó bá kọjá lẹ́nu géètì lè rò pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Rárá o. Ọdún 2012 ni orúkọ yìí dé, kò sì dé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ayé Hitler ni wọ́n kọ́ bárékè yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àdéhùn Versailles sọ pé sójà Jámánì kò gbọdọ̀ ju 100,000 lọ. Hitler gorí àlééfà ní 1933, ó tẹ àdéhùn náà mọ́lẹ̀, nígbà tó sì di 1935, ó fi òfin mú àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ogun. Ibi tí wọn yóò sùn di dandan, ni bárékè bá ń yọ káàkiri ẹsẹ̀ òkè Alps. Àwọn ọmọ tó dàgbà láàárín yìnyín ni wọ́n ń wá, àwọn tó ń gun òkè bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ kò lè dé ibi tí wọ́n ń lọ. Wọn a tú ìbọn ńlá sí wẹ́wẹ́, wọn a dì í ru ìbaaka, ó di orí òkè. Títí dòní, Reichenhall ni àwọn ìbaaka ọmọ ogun Jámánì ń gbé.

Akin ni wọ́n, n kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní 16 Oṣù Kẹjọ 1943, àwọn sójà orí òkè ya wọ abúlé Kommeno ní Gíríìsì, wọ́n pa ènìyàn 317, tọmọdé tàgbà, tobìnrin tọkùnrin. Kì í ṣe àwọn ará Reichenhall ló ṣe é. Òdòdó edelweiss kan náà, àmì àwọn sójà orí òkè, ló sáà wà lára fìlà gbogbo wọn.

Ogun parí, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lérò sì ṣẹlẹ̀. Àwọn Júù tó yè bọ́ lọ́wọ́ Hitler ni wọ́n kó wá sínú bárékè Reichenhall. Tikvah, ìyẹn Ìrètí, ni wọ́n pe àgọ́ wọn. Níbi tí sójà Hitler ti ń yan, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó, tí wọ́n bímọ, kí wọ́n tó ṣí lọ sí ilẹ̀ mìíràn.

Jámánì tún dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀ ní 1955, sójà sì padà sí Reichenhall. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni wọ́n wò láàárín ọdún 1960 sí 1970? Wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun Ludwig Kübler sọ bárékè ìlú Mittenwald, ẹni tí Yugoslavia ti yẹgi fún ní 1947 nítorí ìwà ọ̀daràn ogun. Wọ́n fi ti Eduard Dietl, ọ̀gágun tó jẹ́ ààyò Hitler, sọ ti ìlú Füssen. Reichenhall gba orúkọ Rudolf Konrad, ọ̀gágun Hitler ní òkè Caucasus.

Àwọn aráàlú kan kò gbà. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n ń tú ìwé àtijọ́ wò. Ní 1995, Volker Rühe, mínísítà ètò ààbò, pa orúkọ Kübler àti Dietl rẹ́. Orúkọ Konrad tún lo ọdún 17 lẹ́nu géètì náà. Ìdúró yẹn dùn mí, nítorí ohun tó mú kí wọ́n yọ orúkọ méjì àkọ́kọ́ kò jìnnà sí ti ẹ̀kẹta.

Karwendel ni Mittenwald ń jẹ́ báyìí, Allgäu ni Füssen, Hochstaufen ni Reichenhall: orúkọ òkè àti ti agbègbè. Òkè kò pa ẹnikẹ́ni, mo mọ̀. Síbẹ̀, ká ní èmi ni wọ́n bi, Tikvah ni ǹ bá sọ ọ́.