Dókítà Warren: Oníṣègùn tó di olóṣèlú, tó kú sójú ogun

Bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn tó jà fún òmìnira Amẹ́ríkà, orúkọ George Washington ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìtàn Boston kì í gbàgbé Dókítà Joseph Warren.

Roxbury, lẹ́bàá Boston, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 11, oṣù Kẹfà, ọdún 1741. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀, já bọ́ lórí àkàsọ̀ níbi tó ti ń ká èso ápù, tó sì kú. Síbẹ̀, ó kàwé jáde ní Harvard lọ́dún 1759, ó sì kọ́ṣẹ́ dókítà. Nígbà tí àrùn ìgbóná, tí àwọn àgbà ń pè ní olóde, bẹ́ sílẹ̀ ní Boston lọ́dún 1764, Warren wà lára àwọn tó ń gbin ìgbóná díẹ̀ sára èèyàn kí àìsàn gan-an má baà pa wọ́n. Tolówó tálákà ló ń tọ́jú.

Owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, láìjẹ́ pé wọ́n ní aṣojú nílé aṣòfin London, ló gbé e wọ òṣèlú. Lọ́dún 1774, òun ló kọ ìpinnu Suffolk, tó ní kí aráàlú má ṣe tẹ̀lé òfin tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ni Massachusetts lára. Lálẹ́ ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 1775, òun náà ló rán Paul Revere àti William Dawes jáde láti lọ kìlọ̀ pé àwọn sójà ń bọ̀. Àmọ́ òmìnira tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí kò kan gbogbo èèyàn: Warren fúnra rẹ̀ ra ọmọ adúláwọ̀ kan ní ẹrú lọ́dún 1770.

Lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 1775, wọ́n yàn án ní ọ̀gágun. Nígbà tí ogun Bunker Hill bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17, wọ́n ní kó wá máa darí, ó kọ̀. Ó ní bí ọmọ ogun lásán lòun ṣe wá. Ó gbé ìbọn, ó bọ́ sáàárín àwọn yòókù. Ìgbà kẹta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ lù wọ́n ni ẹtù ìbọn tán lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni ọta ìbọn ti ba Warren lórí, tó sì kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n péré ni.

Lọ́dún 1776, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Boston, eyín àtọwọ́dá tí Revere ṣe sí i lẹ́nu ni wọ́n fi dá òkú rẹ̀ mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún 1773, nítorí náà ọmọ mẹ́rin ni kò ní baba, tí kò ní ìyá mọ́. Benedict Arnold, ẹni tí Amẹ́ríkà ń pè ní ọ̀dàlẹ̀ títí dòní, wà lára àwọn tó fi owó ránṣẹ́ sí wọn. Lọ́dún 1780, ilé aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi ìdajì owó oṣù ọ̀gágun tọ́ àwọn ọmọ náà. Ẹni tó bá da omi síwájú, yóò tẹ ilẹ̀ tútù.