Eku, Àgbàrá àti Ibà: Ọ̀rọ̀ fún Ará Alímọ̀ṣọ́ Lásìkò Òjò

Láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje ni òjò ń rọ̀ jù l'Ékòó. Ó máa ń dáwọ́ díẹ̀ lóṣù kẹjọ, á sì tún padà wá lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Nígbà tí gọ́tà bá kún n'Íkòtún, tí àgbàrá sì ń wọ́ ìdọ̀tí bọ̀ láti ìdí ààtàn n'Ígàndò, omi kún ihò eku náà. Eku á sá wọlé tọ̀ wá, ìtọ̀ rẹ̀ á sì bá àgbàrá lọ.

Inú ìtọ̀ yẹn ni kòkòrò àrùn leptospirosis ń gbé. Ó lè wà nínú kíndìnrín eku fún ìgbà pípẹ́ kí eku náà má sì ṣàìsàn. Ojú egbò, ẹyinjú, imú tàbí ẹnu ló ń gbà wọ ara èèyàn. Ìka ẹsẹ̀ tó bó díẹ̀, tí a fi sálúbàtà gbé wọnú omi, ti tó o. Lágbàáyé, wọ́n fojú bù ú pé ó ń mú nǹkan bíi 1,000,000 èèyàn lọ́dọọdún, ó sì ń pa nǹkan bíi 60,000.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ ni pé ó jọ ibà. Láàárín ọjọ́ 2 sí 30 lẹ́yìn tí èèyàn rin inú omi, ara á gbóná, orí á máa fọ́, ojú á pọ́n, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lábẹ́ orúnkún á máa ro ó gan-an. Aláìsàn á ra oògùn ibà ní kẹ́místì, á fi àgbo tì í lẹ́yìn. Nígbà tí funfun ojú rẹ̀ bá di àwọ̀ àtalẹ̀ pupa, tí ìtọ̀ kò sì wá dáadáa mọ́, kíndìnrín ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ doxycycline tàbí penicillin lè wò ó sàn, bí dókítà bá tètè mọ̀ ọ́n.

Èkó ti jìyà àrùn eku rí. Lọ́dún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì jà fún ọdún mélòó kan. Ó pa èèyàn tó lé ní 1,000, torí oògùn tó lè pa kòkòrò rẹ̀ kò tíì sí láyé nígbà náà. Òun ló sún ìjọba dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ lọ́dún 1928, láti wó àdúgbò tó fún pọ̀ kí wọ́n sì tún un kọ́. (Ibà Lassa tiẹ̀ yàtọ̀ sí leptospirosis: eku ló ń gbé e, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì ni, oògùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.)

Nílé, bí eku bá ti já igun àpò gàrí, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe sẹ́ ẹ jẹ. Ẹ dà á nù. Ẹ wọ́n omi bílíìṣì sórí ìgbẹ́ eku kí ẹ tó nù ún, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ fọ agolo mínírà kí ẹ tó gbé e sẹ́nu. Ọ̀rá ni kí ẹ fi gbé òkú eku.

Bí ibà bá dé lẹ́yìn òjò, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó jókòó dáadáa níwájú dókítà, ẹ sọ fún un pé ẹ rin inú àgbàrá. Kò lè mọ̀ bí ẹ kò bá sọ. Ẹni tó bá sì ní egbò lẹ́sẹ̀, kó wọ bàtà òjò, tàbí kó dúró dìgbà tí omi bá fà.