Ewébẹ̀ Tí À Ń Gbìn Lẹ́ẹ̀kan, Tí À Ń Já Fún Ọ̀pọ̀ Ọdún

Ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, àmọ́ tí kò ráyè bomi rin ín lójoojúmọ́, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ dára, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti so èso tán, ẹ ó tún wọn gbìn ni.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ yín kí ẹ tó wá ohun tí ẹ máa gbìn. Níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, ẹ gbin ewúro. Ẹ gé igi rẹ̀ tó ti gbó díẹ̀, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, gbòǹgbò rẹ̀ á ti jinlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń gé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yọ ẹ̀ka tuntun. Ẹ̀fínrín náà fẹ́ oòrùn. Ẹ máa já òdòdó rẹ̀ kí ewé lè pọ̀. Ibi tó ní òjìji, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù, bí ẹ̀gbẹ́ kànga, gbúre ló yẹ ibẹ̀.

Ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà náà kì í dààmú èèyàn, ó sì ń fara da ọ̀dá. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ ẹ́ láìsè é o! Májèlé cyanide wà nínú ewé rẹ̀ tútù. Ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó fi se ọbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ ilé pẹ̀lú.

Ẹ fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Ó dìgbà kan ná.