Bí Wọ́n Ṣe Wo Ibà Ìjàpá

Ẹni tó bá ti wa Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá rí mọ̀ pé kò ní rádíétọ̀. Atẹ́gùn ni Ferdinand Porsche fi tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára: fánbẹ́ẹ̀tì ń yí fáànù, fáànù ń fẹ́ sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí omi tí yóò jò, kò sí èyí tí yóò hó. Síbẹ̀, sìlíńdà nọ́ńbà 3 kò jẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì sinmi.

Kúlà tó ń tu ọ́ìlì ló fà á. Inú páànù fáànù gan-an ni wọ́n gbé e sí, ó sì dínà mọ́ atẹ́gùn. Ìwọ̀nba tó bá ráyè kọjá ti gba ooru ọ́ìlì kó tó kan sìlíńdà 3, fáàfù tó ń tú èéfín níbẹ̀ a sì jó ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ní Wolfsburg kọ́kọ́ ṣètò kí iná púlọ́ọ̀gì rẹ̀ máa pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn. Ìyẹn dẹ̀ ẹ́ lára, àrùn ṣì wà níbẹ̀.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì 1971 ni wọ́n tó rí i ṣe. Wọ́n yọ kúlà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n kọ́lé tirẹ̀ fún un, wọ́n mú fáànù fẹ̀ sí i, ooru ọ́ìlì wá ń bá ọ̀nà tirẹ̀ jáde.

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ l'Ékòó, ìlú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Lójú tèmi, ọwọ́ àwa fúnra wa ló ń dá ibà náà padà. Rọ́bà kan yí ẹ́ńjìnì ká tó ya atẹ́gùn tútù òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ooru ìsàlẹ̀. Bó bá ti já, fáànù yóò máa fa ooru tó ti tú dànù wọlé. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ju lítà 2.5 lọ, nítorí náà bó bá dín díẹ̀, ó ti dín púpọ̀. Fánbẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Méjì ni púlì rẹ̀ là sí, wásà pẹlẹbẹ sì wà láàárín. Ẹ yọ wásà kan kúrò láàárín, ẹ fi sí ìta, bẹ́ẹ̀tì á le. Bí iná pupa iwájú dírẹ́bà bá tàn lórí eré, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀tì ti já.

Bí mẹkáníìkì bá sì to ẹ́ńjìnì tán, tó kó páànù àti rọ́bà lé yín lọ́wọ́ pé kò wúlò, ẹ ní kó lọ dá wọn padà sáyè wọn kẹ́ ẹ tó sanwó.