Kókó Tí Kò Yẹ Kí Wọ́n Sáré Gé

Sàkómà ni àwọn oníṣègùn ń pe jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú eegun, tàbí láti inú àwọn ohun rírọ̀ tó gbé ara ró, bí ẹran, ọ̀rá àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n: nínú 100 àgbàlagbà tí jẹjẹrẹ ń bá jà, bí ẹnì kan péré ni tirẹ̀ jẹ́ sàkómà, síbẹ̀ oríṣi rẹ̀ lé ní 70, èyí ló fà á tí dókítà àdúgbò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa fi lè má rí ju ọ̀kan tàbí méjì lọ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Èyí tó ń yọ nínú ẹran kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bà á ní itan nígbà tó ń wẹ̀ lè gbà pé kókó ọ̀rá lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kókó tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí tó ń dàgbà sí i, yẹ ní àyẹ̀wò kíákíá, ìbáà dunni, ìbáà má dunni. Ti eegun wọ́pọ̀ ní àyíká orúnkún àwọn ọ̀dọ́ tó ń dàgbà, ìrora rẹ̀ a sì máa jí wọn lóru. Nílẹ̀ Yorùbá, irú orúnkún bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn máa ń gbà pé ó rọ́ ni, tí wọn yóò máa fi òrí wọ́ ọ. Àwọn oṣù tó ń bá ìyẹn lọ ló ń ṣeni láàánú jù.

Ọ̀bẹ tó yá jù náà ń ṣe ìpalára. Bí dókítà bá la kókó náà láìmọ ohun tó jẹ́, jẹjẹrẹ lè ta sára ẹran tó yí i ká, iṣẹ́ abẹ kejì yóò sì gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ. Àwòrán MRI ló yẹ kó ṣáájú, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi abẹ́rẹ́ tó nípọn fa díẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò. Abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ gba ojú ibi tí oníṣẹ́ abẹ yóò gé nígbẹ̀yìn, kí wọ́n lè gé ipa rẹ̀ kúrò pọ̀ mọ́ kókó. Ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé yìí lè pinnu bóyá ẹsẹ̀ tí kókó náà wà ṣeé dá sí.

Nítorí èyí ni ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2006 fi fi ìtọ́jú sàkómà lé ẹgbẹ́ àkànṣe lọ́wọ́. Àwọn tó ń túmọ̀ àwòrán, àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò lábẹ́ maikirosikópù, oníṣẹ́ abẹ, àti àwọn tó ń fi oògùn tàbí ìtànṣán wo jẹjẹrẹ, jọ máa ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wo àwòrán àyà rẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹ̀dọ̀fóró ni sàkómà sábà máa ń sá lọ, kí wọ́n tó fẹnu kò lórí èyí tí yóò ṣáájú nínú oògùn, ìtànṣán àti ọ̀bẹ. Ohun tí wọ́n bá pinnu, nọ́ọ̀sì kan pàtó ni yóò máa ṣàlàyé rẹ̀ fún aláìsàn, òun náà sì ni aláìsàn yóò máa pè bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú.