Ta Ni Dókítà Ẹbí Yín? Ìlàlóye fún Àwọn Yorùbá ní Berlin àti Hamburg

Ẹ̀yin ará wa ní Wedding, Neukölln, Billstedt àti St. Georg, ọ̀rọ̀ kan ló ṣe kókó jù nínú ìwé pélébé yìí: kí àìsàn tó dé, ẹ ti ní Hausarzt, ìyẹn dókítà ẹbí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì, ìbáà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwé tí yóò rán yín sí dókítà ọkàn, tàbí oògùn tí ẹ ó fi káàdì Krankenkasse yín gbà ní Apotheke. Ẹ wá a nígbà tí ara ṣì le, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í gba aláìsàn tuntun mọ́.

Àwọn kan nínú wa máa ń gbé ikọ́ lásán lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní ọsibítù, wọ́n á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn mìíràn á jókòó ti àgbo nílé títí àìsàn á fi wọra. Bó bá di alẹ́ tàbí òpin ọ̀sẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kò sì le koko, ẹ pe 116 117. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dunni, bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí apá bá rọ lójijì tàbí bí èémí kò bá já gaara mọ́, 112 ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀.

Ibà lẹ́yìn ìrìnàjò sílé

Àwọn tó lọ kí ẹbí ní Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí máláríà ń mú ní Jámánì, kì í ṣe àwọn tó lọ gbafẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ara wa ti mọ ibà. Ara tó ti kúrò ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo láti ọdún pípẹ́ kò lágbára yẹn mọ́, ọmọ tí a bí sí Hamburg kò sì ní i rárá. Ẹ lọ bá dókítà yín fún oògùn tó ń dènà máláríà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Bó bá jẹ́ àpapọ̀ atovaquone àti proguanil ló kọ fún yín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó délé, ẹ ó máa lò ó lójoojúmọ́, ẹ ó sì tún lò ó fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ọjọ́ 7 ìkẹyìn yẹn. Ọ̀pọ̀ Krankenkasse máa ń dá owó oògùn yìí padà, ẹ béèrè lọ́wọ́ tiyín kí ẹ tó rà á.

Bí ara bá gbóná láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ padà dé, máláríà ni kí a kọ́kọ́ wá. Dókítà Berlin lè má rí aláìsàn máláríà kan fún ọdún púpọ̀, òtútù ló máa wá sí i lọ́kàn. Nítorí náà ẹ má dúró dè é kó béèrè. Ẹ sọ ọ́: "Ich war in Nigeria, ich habe Fieber" (mo lọ sí Nàìjíríà, ara mi ń gbóná). Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò máláríà, torí irú èyí tó wọ́pọ̀ nílé lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí wọn kò bá rí nǹkan tí ara sì ń gbóná síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ní Hamburg, Bernhard-Nocht-Institut, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1900 nítòsí èbúté, ló mọ àrùn ilẹ̀ olóoru jù. Ní Berlin, Charité ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fúnni lámì. Bí ìwọ̀n bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra lọ́dọ̀ dókítà, ó ti dé nìyẹn, bí orí kò tilẹ̀ fọ́ yín. Ẹni tó ti pé ọdún 35, tó sì ní Krankenkasse ìjọba, lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò gbogbo ara ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀. Ẹni ọdún 18 sí 34 ní ẹ̀ẹ̀kan.

Ramipril ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọ̀pọ̀ dókítà níbí máa ń kọ. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, òun nìkan kì í sábà ṣiṣẹ́ tó amlodipine tàbí oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀. Ẹ lè béèrè nípa èyí láìbẹ̀rù, kì í ṣe àfojúdi. Bí ikọ́ gbígbẹ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ lò ó, ẹ sọ fún dókítà. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, ẹ pe 112. Ohun tí kò yẹ ni kí ẹ dá oògùn dúró torí pé ara ti yá: oògùn yẹn ló mú ẹ̀jẹ̀ ríru náà wálẹ̀. Ní ti iyọ̀, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ jẹ tó giramu 5 lójúmọ́, ìyẹn ìwọ̀n ṣíbí tíì kan, pẹ̀lú èyí tó wà nínú Maggi, búrẹ́dì àti sọ́séèjì.

Ẹ sọ jẹnotáìpù yín pẹ̀lú. Dókítà níbí kì í sábà béèrè, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, èyí sì lè da èsì àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ń pè ní HbA1c rú. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò fún SS ní Jámánì.

Ikọ́ àti ọ̀fìnkìn

Bí dókítà bá ní kí ẹ sinmi kí ẹ sì mu tíì, kò fojú tín-ín-rín yín. Antibáyótíìkì kì í pa kòkòrò ọ̀fìnkìn, kò sì sí Apotheke tó máa tà á láìsí ìwé dókítà.

Bí èdè Jámánì bá ṣòro fún yín lọ́dọ̀ dókítà, ẹ má fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ ara ìyá tàbí bàbá kò yẹ létí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ mú ọ̀rẹ́ tàbí ará ìjọ dání.

Bí ẹ kò bá ní káàdì tàbí ìwé ìgbélùú

Òfin de dókítà àti ọsibítù láti pa àṣírí yín mọ́. Sozialamt ni òfin ní kó fi ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní ìwé tó iléeṣẹ́ ìwọ̀lú létí, nítorí náà ẹ má kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ìlú méjèèjì ní Clearingstelle, ti Berlin wà lọ́wọ́ Stadtmission, ti Hamburg wà ní Flüchtlingszentrum. Wọ́n á bá yín wò bóyá ọ̀nà adójútòfò ìlera wà. Medibüro wà ní ìlú méjèèjì náà, ó ń so èèyàn pọ̀ mọ́ dókítà láìbéèrè ìwé. Ẹ̀yin aboyún tí ẹ kò ní káàdì, ẹ má dúró dọjọ́ ìrọbí. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ bá wọn.