Ọmọ Ogunléndé Tí Ó Di Aṣojú Ìran Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, gbogbo wa la mọ iṣẹ́ aṣojú. Bí ẹgbẹ́ kékeré bá fẹ́ kí àpapọ̀ ẹgbẹ́ gbọ́ tẹnu òun, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí kò sì ní tà wọ́n, ni wọn yóò rán lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àwọn ìjọba ńlá ayé sọ̀rọ̀ fún ìran tí kò ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀? Obìnrin kan ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Bayan Sami Abdul Rahman ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kurd ni.

Àwọn Kurd pọ̀ o, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 30. Ṣùgbọ́n abẹ́ Tọ́kì, Ìráànì, Ìráàkì àti Síríà ni ilẹ̀ wọn pín sí lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní.

Baghdad, olú-ìlú Ìráàkì, ni wọ́n bí Bayan sí. Sami, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Kurd. Ó tilẹ̀ ṣe mínísítà ní Ìráàkì lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà ọdún 1970. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́, ogun tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1974. Ìráànì ló ń ran àwọn Kurd lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta 1975, Ìráànì bá Ìráàkì parí ìjà ní ìlú Algiers, ìrànlọ́wọ́ bá dúró lójijì. Ẹbí Bayan gbé Ìráànì fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976. Ọmọdé ni Bayan nígbà náà.

Ó kọ́ ìmọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ iṣẹ́ akọ̀ròyìn láti ìdí ìwé ìròyìn àdúgbò. Ní 1993 ó gba ẹ̀bùn tí ìwé ìròyìn Observer fi ń ṣe ìrántí Farzad Bazoft. Akọ̀ròyìn wọn ni Bazoft; ìjọba Saddam Hussein ló so ó kọ́ ní 1990, wọ́n ní amí ni. Ẹ̀bùn yìí ló gbé Bayan dé Observer, lẹ́yìn náà Financial Times, tí ó fi ṣiṣẹ́ dé Tokyo ní Japan. Ọdún 17 ló lò nídìí ìròyìn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ aṣojú kó tó mọ̀ pé òun yóò ṣe é: kí a béèrè ọ̀rọ̀, kí a gbọ́ ti ẹnìkejì tán, kí a tó sọ tiwa.

Ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2004 bọ́ sí ọdún Iléyá. Sami ti di igbákejì olórí ìjọba Kurdistan, ní ìhà àríwá Ìráàkì. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Kurd méjì ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn ní Erbil, kí àwọn ènìyàn wá kí wọn kú ọdún, bí àwa náà ti ń ṣe. Àárín àwọn tó wá kíni ni àwọn méjì tó di bọ́ǹbù mọ́ra gbà wọlé, ọ̀kan ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kú ju 100 lọ. Sami wà nínú wọn, Salah ọmọkùnrin rẹ̀ náà wà nínú wọn. Bàbá àti ọmọ lọ lọ́jọ́ kan náà.

Bí Bayan bá jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ó fi ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ní 2005 ó di aṣojú ìjọba Kurdistan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti áńbásẹ́dọ̀ gan-an. Ìráàkì ló ní áńbásẹ́dọ̀. Kurdistan kò ní ìjókòó ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ẹnu ni irinṣẹ́ aṣojú rẹ̀, àti ẹsẹ̀ tí yóò máa fi rìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ Anfal wà lára ohun tí wọ́n jà fún. Ní 1988 ìjọba Saddam run ọ̀pọ̀ abúlé Kurd. Ní Halabja, afẹ́fẹ́ olóró pa ènìyàn bíi 5,000. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2013, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ète láti pa ìran kan run ni. Nadhim Zahawi ló gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ilé, òun náà ọmọ Kurd tí a bí ní Baghdad, tí ẹbí rẹ̀ sá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìpinnu yẹn kò jí òkú kankan, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú àkọsílẹ̀.

Ní 2014 àwọn ológun ISIS gba ìlú Mosul, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì sá wọ Kurdistan. Ọdún kejì rẹ̀ ni Bayan lọ ṣe aṣojú ní Washington, ó sì lò ju ọdún márùn-ún lọ níbẹ̀. Lára ohun tí ó ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ìrànwọ́ fún àwọn ogunléndé wọ̀nyí.